Oyin tó dì nígbà ọyẹ́, ṣé àbùlà ni?

Òkun o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọyẹ́ ti dé o. Ní Kàbà níbí, tó bá ti di ìparí oṣù kọkànlá báyìí, èèyàn á jí ní ìdájí, òkè tó ń rí lójoojúmọ́ á ti wọnú eruku lọ, ètè á ti bẹ́, àwọn ọmọdé á sì máa sá fún omi ìwẹ̀ bíi pé wọ́n jẹ ẹ́ lówó. Èmi fẹ́ràn àsìkò yìí, mi ò lè purọ́. Iṣu wà nílẹ̀, ọkà bàbà ti ń wọlé láti oko, tó bá dalẹ́ a ó dáná sẹ́yìnkùlé, ọmọ kan á máa yí iṣu nínú iná, àwọn méjì á máa jà torí ẹ̀pà, àwọn àgbà á jókòó ti iná wọ́n á tún máa sọ ìtàn tí wọ́n sọ lọ́dún tó kọjá, a ó sì tún rẹ́rìn-ín sí i. Tó bá wá di àárọ̀ Sátidé, ògì ọkà bàbà tó ń gbóná, àkàrà, kéèyàn wá da oyin lé ògì lórí.

Orí oyin yìí ni ọ̀rọ̀ mi dá lé.

Ó ti tó ọdún mélòó kan báyìí. Màmá wa ra oyin ike kan lọ́jà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, lọ́wọ́ ìyá àgbà kan tí oyin tiẹ̀ máa ń wá láti apá Bùnú. Gbogbo ìgbà òjò ni oyin yìí fi ń ṣàn geere, àwọ̀ rẹ̀ dà bíi tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí. Àfi bó ṣe di oṣù kọkànlá, a gbé e sórí tábìlì láàárọ̀ Sátidé kan, mo dorí ike kodò, kò sí nǹkan tó jáde. Mo gbọ̀n ọ́n, ó dákẹ́ sí mi lọ́wọ́. Mo wá gbé e jáde sínú oòrùn kí n lè wò ó dáadáa, láti ìdí títí dé àárín ló ti dì, ó funfun, ó rí wóróbo wóróbo bíi gààrí tí wọ́n pò mọ́ bọ́tà, omi fẹ́lẹ́ kan sì léfòó sórí ẹ̀.

Bùrọ̀dá bàbá wa tó wá kí wa láti Lọ́kọ́ja ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Ṣúgà nìyẹn! Wọ́n se ṣúgà, wọ́n dà á mọ́ ọn, ọyẹ́ ló wá tú wọn láṣìírí yìí. Omi tí wọ́n bù sí i náà ló wà lókè yẹn, ẹ ò rí i ni?" Gbogbo ilé gbà, èmi tí mo lọ sílé ìwé náà gbà. Mo ká ike náà mọ́lẹ̀ nínú báàgì, mo gbé e padà lọ sọ́jà, mo sì sọ̀rọ̀ sí ìyá yẹn lójú àwọn oníbàárà ẹ̀. Wọn ò bá mi jà o. Wọ́n ka owó mi lé mi lọ́wọ́, wọ́n wá bi mí pé, "Ọmọ mi, epo ilé yín ńkọ́, ṣé òun ò tíì dì ni?" Mo rò pé wọ́n kàn fẹ́ fọ̀rọ̀ yí mi lórí ni, mo bá tèmi lọ.

Ẹ wò ó, ìbéèrè yẹn ló yẹ kí n mú lọ sílé kí n jókòó tì. Torí epo pupa wa ń dì lọ́dọọdún, ìyẹn nígbà ọyẹ́, ṣíbí la fi ń wa á, àwọn míì á gbé kẹ́ẹ̀gì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò kó lè yọ́, kò sì sẹ́ni tó ń pe olóko epo lólè. Òrí tá à ń fi pa ara náà á le gbandi. Kò sẹ́ni tó janpata. Àfi oyin nìkan tó bá ti dì báyìí, ó ti di àbùlà nìyẹn.

Òótọ́ ni pé bí epo ṣe ń dì kọ́ ni oyin ṣe ń dì. Epo, ọ̀rá ni, apá kan nínú ẹ̀ máa ń le tí otútù bá mú un, apá kejì á ṣì ṣàn. Oyin ní tiẹ̀, ṣúgà ni tó pọ̀ ju omi tó gbé e lọ. Tẹ́ ẹ bá wọn gíráàmù 100 oyin, omi inú ẹ̀ ò ju nǹkan bíi 17 tàbí 18 lọ, ṣúgà ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ìyókù, oríṣi méjì ló sì pọ̀ jù níbẹ̀, frúkítóòsì tó máa ń tó bíi 38 àti gúlúkóòsì tó máa ń tó bíi 31. Àwọn oyin fúnra wọn ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Omi dídùn tí wọ́n fà nínú òdòdó kì í ki rárá, omi ló pọ̀ jù níbẹ̀, wọ́n á gbé e délé, wọ́n á máa fi ìyẹ́ fẹ́ ẹ tọ̀sántòru títí omi á fi gbẹ kúrò lára ẹ̀, kí wọ́n tó fi ìda dé e mọ́nú afárá. Nígbà tí omi ti wá kéré tó yẹn, gúlúkóòsì ò ráyè nínú ẹ̀ mọ́. Ó ń wá ibi tó máa jókòó sí. Tó bá rí ẹyọ àtíkè òdòdó kan báyìí tàbí ẹ̀rún ìda, á so mọ́ ọn, òmíràn á so mọ́ ìyẹn, títí á fi dì. Frúkítóòsì ní tiẹ̀ kì í bá a lọ, inú omi ló máa ń dúró sí, òun àti omi tó ṣẹ́kù ló wá léfòó sórí oyin wa lọ́jọ́sí tí bùrọ̀dá bàbá wa ní wọ́n bù sí i.

Ṣé ẹ wá rí i, ṣúgà ni bùrọ̀dá rí lóòótọ́. Ẹni tó fi síbẹ̀ ni wọn ò mọ̀.

Kí ló wá dé tó fi jẹ́ ìgbà ọyẹ́? Otútù ni. Ibi tí oyin ti máa ń yára dì jù ni nǹkan bíi 14 lórí òṣùwọ̀n Celsius, tó bá ti gbóná ju 25 lọ á máa falẹ̀. Òru àti ìdájí ọyẹ́ máa ń jẹ́ kó sún mọ́ ibi tó fẹ́, ooru ọ̀sán oṣù kẹta ò jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn òyìnbó tiẹ̀ mọ̀ nípa 14 yìí débi pé wọ́n sọ ọ́ di iṣẹ́, lọ́dún 1935 ni ọ̀gbẹ́ni kan tó ń jẹ́ Elton Dyce ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tó fi ń mú kí oyin dì kúnná, oyin tó ti dì díẹ̀ ló ń pò mọ́ èyí tó ń ṣàn, á wá gbé e síbi tó tutù níwọ̀n bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń fi pa búrẹ́dì bíi bọ́tà dòní. Ohun tí wọ́n ń náwó wá kiri, ohun tí èmi gbé padà lọ sọ́jà tìbínú tìbínú ni.

Àwọn kan á ní oyin tàwọn ò dì rí. Ó ṣeé ṣe. Òdòdó tí oyin lọ jẹ̀ ló ń sọ bí gúlúkóòsì á ṣe pọ̀ sí nínú ẹ̀, èyí tí frúkítóòsì bá pọ̀ jù nínú ẹ̀ dáadáa lè wà lọ́dún kan ọdún méjì kó má dì. Ṣùgbọ́n ẹ má tún wá gba ọ̀rọ̀ mi sódì o, mi ò ní èyí tó bá ti dì, ògidì ni. Omi ṣúgà tí wọ́n sè ki jù náà lè dì. Èyí tí wọ́n fi omi ṣúgà àgbàdo lú sì lè wà bẹ́ẹ̀ kó máa ṣàn títí ayé. Dídì rẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn ẹlẹ́rìí tó kù náà ńkọ́? Wọ́n ní kí ẹ ti ìṣáná bọ oyin kẹ́ ẹ ṣá a, tó bá jó, ògidì ni. Ọ̀rinrin nìkan ni ìṣáná ń wò, omi ṣúgà tó ki náà á jẹ́ kó jó. Wọ́n ní kẹ́ ẹ kán an sómi, tó bá rì wọlẹ̀ láì tú ká, òun nìyẹn. Ohunkóhun tó bá ki á rì. Wọ́n ní fíríísà ò lè sọ ọ́ di yìnyín. Omi ṣúgà tó ki náà, kò ní di yìnyín. Èyí tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni tèèrà, pé èèrà kì í jẹ ògidì oyin. Ẹ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń sin oyin nínú àpótí kẹ́ ẹ wo ẹsẹ̀ ohun tí wọ́n gbé àpótí lé, ẹ máa bá agolo tí wọ́n rọ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì dúdú sí, ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan nínú agolo kọ̀ọ̀kan. Èèrà ni wọ́n ń sá fún! Oyin tó ṣì wà nínú afárá, tí ọwọ́ èèyàn ò tíì kàn, òun gan-an ni èèrà ń gùn lọ bá. Yàrá àyẹ̀wò nìkan ló lè sọ ọ́ dájú, kéèyàn sì ra ti ẹni tó mọ̀, ìyẹn ni mo ní láti sọ síbẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí ni ibi tí ìgbàgbọ́ wa yìí ń ti àwọn olóyin sí. Torí wọ́n mọ̀ pé tó bá dì a máa dá a padà, ọ̀pọ̀ wọn á kúkú gbé e kaná kí ọyẹ́ tó dé, wọ́n á sè é kó hó kùtùkùtù kó má lè dì mọ́. Òórùn òdòdó tó wà nínú ẹ̀ á bá èéfín lọ, adùn ẹ̀ á di ti ṣúgà jíjóná. Àwa la fọwọ́ ara wa ba oyin tá a fẹ́ jẹ jẹ́, a ó wá máa yìn ín pé ẹ wò ó bó ṣe ń ṣàn.

Tí tiyín bá dì, tẹ́ ẹ sì fẹ́ kó ṣàn, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ nínú báàfù, èyí tí ọwọ́ yín lè wà nínú ẹ̀ láì fà yọ, ẹ ki ike náà sínú ẹ̀ pẹ̀lú ìdérí ẹ̀, ẹ máa pààrọ̀ omi tó bá ti tutù. Á kọ́kọ́ yọ́ létí ike, èyí tó wà láàárín á máa yí kiri bíi yìnyín nínú kọ́ọ̀pù, tó bá fi máa tó bíi wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ á ti padà. Ẹ má gbé e sórí gáàsì. Ẹ dé e dáadáa náà, torí oyin máa ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ mọ́ra, tí omi ẹ̀ bá ti pọ̀ á kan.

Ẹ jọ̀ọ́, mo tún rántí nǹkan kan, ìkómọ pọ̀ lópin ọdún. Ògidì ni o, àbùlà ni o, ẹ má fi oyin kan ahọ́n ọmọ tí ò tíì pé ọdún kan. Kòkòrò àìfojúrí kan máa ń sùn sínú oyin, ikùn àgbà lè borí ẹ̀, ti ọmọ ọwọ́ ò lè borí ẹ̀, ó sì lè sọ ọmọ di aláìlè-mira. Kí bàbá àti ìyá ọmọ tọ́ ọ wò fún un, àdúrà á gbà bẹ́ẹ̀.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, mo padà sọ́dọ̀ ìyá olóyin. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní mo wá tọrọ àforíjì, wọ́n wò mí, mi ò mọ̀ bóyá wọ́n rántí mi tàbí wọ́n kàn ń wò mí. Àwọn ike tó wà lórí tábìlì ń ṣàn, wọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú, ó hàn pé wọ́n ti rí iná. Mo béèrè bóyá èyí tó dì wà. Wọ́n tẹ̀ ba, wọ́n fa páálí kan jáde lábẹ́ tábìlì, wọ́n nu eruku ọyẹ́ orí ẹ̀ nù, wọ́n mú ike kan níbẹ̀, funfun gbò.

Mo ní, "Mà, ṣé ẹ máa dín owó ẹ̀ kù?"

Wọ́n ní, "Torí kí ni?"