Aago inú ara èkúté àti àsìkò tó ń jẹun

Aago inú ara lohun tó ń darí ìgbà tí ẹ̀dá ń sùn, ìgbà tó ń jí àtìgbà tébi ń pa á, ìyípo ẹ̀ kan sì máa ń tó nǹkan bíi wákàtí 24. Ara ìran eku ni wọ́n ti mọ púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n mọ̀ nípa ẹ̀. Èkúté ilé, òkété àti òòrẹ̀, alẹ́ ni wọ́n ń jáde, ọ̀kẹ́rẹ́ ní tiẹ̀ ọ̀sán ló ń rìn, ìdí nìyẹn tẹ́ni tó ń gba abẹ́ igi kọjá lọ́sàn-án n'Ìbàdàn fi lè rí ọ̀kẹ́rẹ́ tí ò sì ní fojú kan òkété.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ìbẹ̀rù èèyàn ló ń mú kí èkúté dúró dalẹ́. Ìyẹn wà níbẹ̀ o, àmọ́ kò tán síbẹ̀. Tí wọ́n bá fi sínú òkùnkùn biribiri tọ̀sántòru, toúnjẹ wà níwájú ẹ̀, á ṣì máa sùn á ṣì máa jí létòlétò, kìkì pé àsìkò ẹ̀ á máa yẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ torí aago yẹn kì í ṣe wákàtí 24 géérégé. Ìmọ́lẹ̀ ló ń bá a tò ó padà. N'Ìbàdàn, ìyàtọ̀ láàárín ọ̀sán tó gùn jù àtèyí tó kúrú jù lọ́dún ò tó wákàtí kan, torí náà ọyẹ́ o, òjò o, ìgbà tílẹ̀ ń ṣú ò fi bẹ́ẹ̀ yí padà fún wọn.

Inú ọpọlọ ni olórí aago náà wà, òkè ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé, suprachiasmatic nucleus ni wọ́n ń pè é. Ní 1972 àwọn onísáyẹ́ǹsì l'Amẹ́ríkà ba ibẹ̀ jẹ́ lára èkúté, ni ìrìn ẹ̀ àti omi mímu ẹ̀ bá dàrú, kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sóru mọ́. Èyí tó wá lágbára jù ni ti 1990, nígbà táwọn onísáyẹ́ǹsì Martin Ralph, Michael Menaker àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé ibẹ̀ yẹn látara hamster, ẹranko kékeré kan nínú ìran eku, tí aago ẹ̀ jẹ́ wákàtí 20 sínú òmíì tí wọ́n ti yọ tiẹ̀, èyí tó gbà á bẹ̀rẹ̀ sí í fi wákàtí 20 ka ọjọ́.

Ṣùgbọ́n oúnjẹ náà lágbára. Òru ni èkúté ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú oúnjẹ ẹ̀, pàápàá kété tílẹ̀ bá ṣú àti kílẹ̀ tó mọ́. Tó bá wá jẹ́ pé ọ̀sán nìkan ni wọ́n ń fún un, láàárín ọjọ́ díẹ̀ á ti máa rìn kiri kí àsìkò yẹn tó pé, kódà èyí tí wọ́n ti ba olórí aago ẹ̀ jẹ́ ń ṣe bẹ́ẹ̀, aago inú ẹ̀dọ̀ ẹ̀ pàápàá á tẹ̀lé oúnjẹ. Èyí kan ọjà bíi Bódìjà gbọ̀ngbọ̀n. Àgbàdo àti ẹ̀wà tó dà sílẹ̀ tí wọn ò gbá kí wọ́n tó ti ṣọ́ọ̀bù, àsìkò ebi èkúté gan-an ló bọ́ sí. Ẹni tó bá fẹ́ dẹ pàkúté, ìrọ̀lẹ́ ló yẹ kó dẹ ẹ́, kó sì fi í síbì kan náà fún ọjọ́ mélòó kan, torí èkúté máa ń sá fún ohun tójú ẹ̀ ò rí rí.