Ẹ Mọ Ohun Tí Wọ́n Kọ̀ Nínú Ìwé Yín

Ojú ewé kẹta ni àmì ife tíì náà wà. Ó rí roboto, ó ti gbẹ mọ́ bébà. Láti ojú ewé kẹrin lọ, ìwé náà mọ́ tónítóní bó ṣe wà lọ́jọ́ tí mo gbà á lọ́wọ́ ẹni tó bá mi tàìpù rẹ̀. Bàbá tó ń ṣọ́ ẹnu géètì ilé iṣẹ́ atẹ̀wé kan n'Íbàdàn ni wọ́n nà án sí mi, wọ́n ní, "Ọmọ mi, wọ́n ní kí n kó o fún ẹ." Kò sí lẹ́tà nínú rẹ̀. Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ lọ sí Mọ́kọ́lá, àmì ife yẹn ni mò ń wò, mo sì gbà lọ́kàn mi pé ojú ewé mẹ́ta péré ni wọ́n kà tí wọ́n fi mọ̀ pé èmi kì í ṣe òǹkọ̀wé. Mo ti ìwé náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọdún méjì gbáko ni n kò kọ ìtàn kankan.

Lónìí, iṣẹ́ olóòtú ni mò ń ṣe. Èmi náà ti di ẹni tí wọ́n ń fi ìwé ránṣẹ́ sí, tí ife tíì rẹ̀ wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ làálàá ẹlòmíràn. Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ìwé yín padà ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ó dùn yín, ó sì yẹ kó dùn yín; ohun téèyàn fi òru kọ, tó fi owó oúnjẹ tẹ̀, wọn ò lè kọ̀ ọ́ kó má dunni. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó ti tiyín sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ kọ́kọ́ wádìí ohun tí wọ́n kọ̀ gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n mú yín wọ ọ́fíìsì wa díẹ̀. Bí ìwé bá dé, kì í ṣe bó ṣe dùn tó nìkan là ń wò. Ọ̀gá tó ń rí sí ìtajà á béèrè pé, "Ta ló máa rà á?" Ọjà ilé-ẹ̀kọ́ ló ń gbọ́ bùkátà ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń tẹ ìwé Yorùbá. Ìtàn tí kò bá ti ṣeé gbé síwájú ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, ọ̀nà rẹ̀ ti há láti ẹnu géètì. Mo ti fi ọwọ́ ara mi dá ìtàn kan padà tí mo kà mọ́jú, ìtàn tọkọtaya àgbàlagbà kan àti ohun tó ń lọ nínú yàrá wọn. Mi ò tíì rí ìwé tó mọ ọ̀rọ̀ sọ bẹ́ẹ̀ lọ́dún náà. Lẹ́tà tí mo kọ sí ẹni tó kọ ọ́ kò ju ìlà méjì lọ: a dúpẹ́, kò bá ètò wa mu lásìkò yìí. Ó dá mi lójú pé ohun tó rí kà níbẹ̀ ni pé òun ò mọ̀wé kọ. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń gún mi lọ́kàn.

Ẹ wo Amos Tutuola. Wọ́n bí i ní Abẹ́òkúta lọ́dún 1920, ọdún díẹ̀ ló lò nílé-ẹ̀kọ́, iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ ló kọ́. Lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ó di ìránṣẹ́ ní ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ l'Ékòó, ibẹ̀ ló sì ti ń kọ ìtàn nígbà tí wọn ò bá rán an níṣẹ́. Ilé iṣẹ́ tó kọ́kọ́ fi ìtàn ránṣẹ́ sí ní London, ìwé lórí fọ́tò yíyà ni wọ́n ń tẹ̀. Fọ́tò yíyà! Wọ́n gba ìtàn ọdẹ àti iwin náà lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n wọn ò tẹ̀ ẹ́. Ìwé yẹn kò jáde títí di ọdún 1982, nígbà tí ẹni tó kọ ọ́ ti lé lọ́gọ́ta ọdún.

Kò jókòó dè é. Ó rí ìpolówó ẹgbẹ́ kan tó ń tẹ ìwé ẹ̀sìn Kírísítẹ́nì, ó sì fi ìtàn mìíràn ránṣẹ́ sí wọn, ìtàn ọ̀mùtí tó wá adẹ́mu rẹ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú. Àwọn náà kì í tẹ ìtàn àròsọ, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e lọ fún ilé iṣẹ́ Faber and Faber. Bí The Palm-Wine Drinkard ṣe jáde lọ́dún 1952 nìyẹn. Nígbà tó jáde tán, àwọn ọ̀mọ̀wé kan nílé bínú, wọ́n ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ń dójú tì wá. Èmi gbà pé ìyẹn á dunni ju ti ilé iṣẹ́ atẹ̀wé lọ, torí ará ilé ló ti wá. Lọ́dún 1954, ó tún gbé ìwé mìíràn jáde.

Ilé méjèèjì tó kọ́kọ́ kàn kì í ṣe ilé tó yẹ ìtàn rẹ̀. Ká ní ó ti ka ìdákẹ́jẹ́ àwọn onífọ́tò sí ìdájọ́ lórí ẹ̀bùn rẹ̀ ni, ọ̀mùtí náà ì bá má kúrò nínú dúrọ́ọ̀.

Àmọ́ mi ò ní tàn yín: ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé ìwé gan-an ló ní àléébù. Gbólóhùn kan rèé, bó ṣe wà nínú ìwé tí mo gbà: "O gbe oko lo si oko oko re." Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ṣé ọkọ̀ ló gbé ni àbí ọkọ́? Nígbà tó yá ni mo rí i pé, "Ó gbé ọkọ́ lọ sí oko ọkọ rẹ̀." Ìwé náà jẹ́ igba ojú ewé, kò sí àmì kan lórí rẹ̀. Àwọn mìíràn ṣì ń kọ "aiye" àti "enia" àti "nigbati", nígbà tí àkọtọ́ tí à ń lò láti ọdún 1974 ti sọ wọ́n di "ayé" àti "ènìyàn" àti "nígbà tí". Ìwé tó bá dé bẹ́ẹ̀, ẹnì kan ní láti jókòó tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, owó sì ni ìjókòó yẹn. Bó bá jẹ́ pé ohun tí wọ́n torí ẹ̀ dá tiyín padà nìyí, inú mi dùn sí i, nítorí oṣù kan péré lẹ lè fi tún un ṣe.

Èyí tó ṣòro jù ni àléébù inú ìtàn. Lẹ́yìn ọdún méjì, mo fa ìwé mi jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì kà á bí ẹni pé ẹlòmíràn ló kọ ọ́. Ojú ewé mẹ́ta àkọ́kọ́, ilẹ̀ ló ń mọ́. Àkùkọ kọ, ìrì sẹ̀, òwe gorí òwe, ẹnikẹ́ni ò tíì la ẹnu. Ojú ewé karùn-ún ni ìyá tí mo kọ ìtàn lé lórí tó jáde látinú ilé. Ẹni tó gbé ife tíì lé e ò ṣèkà fún mi: ó dúró kí ẹnì kan wá bá a sọ̀rọ̀, kò rẹ́ni. Mo gé ojú ewé mẹ́rin dànù. Ilé kejì àti ìkẹta tún dá a padà, ṣùgbọ́n lẹ́tà ìkẹta ní gbólóhùn kan nínú: "Ó dà bíi pé ìyá yìí gan-an ló yẹ kó máa sọ ìtàn náà." Oṣù mẹ́jọ ni mo fi tún gbogbo rẹ̀ kọ sí ẹnu ìyá náà. Ilé kẹrin ló tẹ̀ ẹ́.

Bí ìwé bá padà sí yín lọ́wọ́, ẹ má fèsì lọ́jọ́ náà. Ẹ sọ ọ́ fún ẹni tó fẹ́ràn yín, ẹ gbé e jìnnà fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ wá ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí ẹ fa ìlà sí i: ilé tí mo fi ránṣẹ́ sí, ọjọ́ tó lọ, ohun tí wọ́n wí, ilé tó kàn. Ilé tó kàn yẹn, kí ìwé tó kúrò nílé ni kí ẹ ti kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹni tó ti mọ ibi tó kàn, kì í jókòó pẹ́ nínú ẹkún. Bí oṣù mẹ́ta bá kọjá tí ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú béèrè, ẹ̀ẹ̀kan péré.

Ẹ má sì fi ìbínú gba Ṣómólú, àdúgbò àwọn atẹ̀wé l'Ékòó, lọ. Iṣẹ́ gidi ni àwọn atẹ̀wé ibẹ̀ ń ṣe, ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n tẹ ohun tí ẹ bá kó fún wọn. Kì í ṣe tiwọn láti tún ìtàn ṣe tàbí láti tà á. Mo ti rí páálí ìwé tó di àga nínú yàrá ẹni tó kọ ọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi owó ara yín tẹ̀ ẹ́, kò burú rárá, ẹ sanwó fún olóòtú ná, ẹ tẹ ọgọ́rùn-ún, ẹ wò ó bó ṣe ń tà. Ọ̀nà kan ò sì wọ ọjà. Ìtàn Ṣẹ̀gilọlá tí àwọn òbí wa àgbà kà, lẹ́tà ló kọ́kọ́ jẹ́ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láti ọdún 1929, kó tó wá di ìwé lọ́dún 1930.

Ní tèmi, n kì í kọ lẹ́tà ìlà méjì mọ́. Ìwé tí mo bá dá padà, mo máa ń wá gbólóhùn òótọ́ kan tí ẹni tó kọ ọ́ lè lò, bí ilẹ̀ tilẹ̀ ti ṣú. Ìwé kejì tí èmi fúnra mi kọ ṣì ń wá ilé tó máa tẹ̀ ẹ́. Ilé méjì ti dá a padà. Orúkọ ìkẹta ti wà nínú ìwé àkọsílẹ̀, mo sì ti ra àpò ìwé tí mo máa fi ránṣẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè.