PM2.5: bí a ṣe ń wọn eruku ọkọ̀ nínú afẹ́fẹ́

PM2.5 ni gbogbo hóró eruku àti èéfín inú afẹ́fẹ́ tí fífẹ̀ rẹ̀ kò ju máíkírómítà 2.5 lọ (mìlímítà kan jẹ́ máíkírómítà 1,000). Irun orí èèyàn máa ń fẹ̀ tó máíkírómítà 50 sí 70, torí náà ojú lásán kò lè rí hóró yìí ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Imú àti ọ̀fun máa ń dá eruku ńlá dúró, ṣùgbọ́n eléyìí ń wọ ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n lọ́tọ̀.

Ní Lagere tàbí Mayfair ní Ilé-Ifẹ̀, èéfín ẹ́ńjìnnì nìkan kọ́ ni ti ọkọ̀. Bíréèkì ń jẹ, táyà ń jẹ, táyà sì tún ń ru eruku ojú títì sókè. Àwọn èèyàn máa ń gbàgbé ti ìkẹyìn yìí.

Ọ̀nà tó ṣeé gbára lé jù láti wọn PM2.5 ni asẹ́. Ẹ̀rọ yóò máa fa afẹ́fẹ́ gba orí asẹ́ pẹlẹbẹ, lítà 16.7 ní ìṣẹ́jú kan, ìyẹn kúbíkì mítà kan ní wákàtí kan. Lẹ́nu ẹ̀rọ náà, ọ̀nà afẹ́fẹ́ yà lójijì: hóró tó wúwo kò lè bá a yà, ó lọ lẹ̀ mọ́ ògiri, èyí tó fúyẹ́ ló ń dé orí asẹ́. Bí ẹ̀rọ kò bá fa afẹ́fẹ́ tó bó ṣe yẹ, hóró ńlá á ráyè kọjá, iṣẹ́ ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́.

Ká ní asẹ́ wọn mìlígíráàmù 120.35 kó tó wọlé, tó wá di 121.43 lẹ́yìn wákàtí 24. Ó fi 1.08 lé, ìyẹn máíkírógíráàmù 1,080. Ẹ pín in sí kúbíkì mítà 24, ó di máíkírógíráàmù 45 nínú kúbíkì mítà kan. Ìlànà WHO (Àjọ Ìlera Àgbáyé) ti ọdún 2021 ní kí ti ọjọ́ kan má ju 15 lọ. Ẹ̀mú ni kí ẹ fi gbé asẹ́, torí ọ̀rá ìka ọwọ́ náà ń wọ̀n. Kí ẹ tó wọ̀n ọ́n nígbà méjèèjì, ẹ jẹ́ kó sùn nínú yàrá tí ooru àti ọ̀rinrin rẹ̀ kì í yí padà.

Sẹ́nsọ̀ kékeré tí kò wọ́n kì í wọn ìwúwo rárá. Ó ń tan iná lésà sí afẹ́fẹ́, ó sì ń fi ìmọ́lẹ̀ tó ta kúrò lára hóró fojú díwọ̀n. Láàárọ̀ tí òjò rọ̀ mọ́jú, hóró á mu omi, á wú, òǹkà á fò sókè láìsí pé eruku pọ̀ sí i. Èéfín dísù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ńkọ́? Púpọ̀ nínú hóró rẹ̀ kò tó máíkírómítà 0.1, lésà náà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ rí ohun tí kò tó 0.3. Mo fara mọ́ lílò rẹ̀, bí ẹ bá ti gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ asẹ́ láti mọ ibi tó ń ṣì.

Nígbà ọyẹ́, eruku aṣálẹ̀ máa ń bo ti ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Nítorí náà ẹ̀rọ méjì ló yẹ: ọ̀kan lẹ́bàá títì, ní gíga imú èèyàn, ìkejì níbi tó jìnnà sí ọkọ̀, bíi ẹ̀gbẹ́ omi Ọpa nínú ọgbà Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ẹ yọ òǹkà ìkejì kúrò nínú ti àkọ́kọ́, èyí tó kù ló súnmọ́ ti ọkọ̀. Ẹ má gbé ti ẹ̀bá títì sítòsí ẹlẹ́ran súyà tàbí jẹnẹrétọ̀. Ẹ máa ka ọ̀kadà, Márúwá àti tírélà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì kọ apá ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sílẹ̀, torí bí ó bá ń gbé èéfín lọ sódì kejì títì, òǹkà á kéré lọ́jọ́ tí ọkọ̀ kún fọ́fọ́.