“Kí ló ṣẹlẹ̀ sí i?”: ìtọ́jú tó ń ro ti ọgbẹ́ ọkàn

Ká sọ pé bọ̀dá kan wà ní Òkè Àró, nílùú Àkúrẹ́, tó ti lé lógójì ọdún, tí ọpọlọ rẹ̀ kì í tètè gba nǹkan láti kékeré. Kì í ṣe wèrè o, ìyẹn lọ́tọ̀. Bí wọ́n bá mú un dé ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, tí klípà bá ti dún, á fò dìde, á máa ju ẹ̀ṣẹ́. Àwọn ará àdúgbò á ní, “Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn.” Ó sì lè jẹ́ pé níbi tí wọ́n gbé e lọ fún ìwòsàn nígbà kan, ńṣe ni wọ́n dè é mọ́lẹ̀ kí wọ́n tó fá orí rẹ̀. Kò mọ bó ṣe máa rò ó fún èèyàn, àmọ́ ara rẹ̀ ò gbàgbé. Irú ìpalára bẹ́ẹ̀ là ń pè ní ọgbẹ́ ọkàn.

Ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní trauma-informed care ni pé kí olùtọ́jú wádìí ohun tí ojú èèyàn ti rí, kó tó pe ìwà rẹ̀ ní agídí. SAMHSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà kan, là á sílẹ̀ lọ́dún 2014: mọ̀ pé ọgbẹ́ ọkàn wọ́pọ̀, dá àmì rẹ̀ mọ̀, jẹ́ kí ìmọ̀ yìí hàn nínú iṣẹ́ rẹ, má sì tún ọgbẹ́ náà dá síni lára. Èyí tó kẹ́yìn ló le jù lójú tèmi, torí ìtọ́jú fúnra rẹ̀ a máa dá a: okùn, ìjágbemọ́ni, kí èèyàn mẹ́ta di ẹnì kan mú nítorí abẹ́rẹ́.

Àwọn onímọ̀ pàápàá máa ń ṣì í. Nínú ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà, lọ́dún 1982, wọ́n fún àwọn onímọ̀ nípa ọkàn ní ìtàn ẹnì kan tí ìbẹ̀rù ń dà láàmú. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọpọlọ onítọ̀hún kì í tètè gba nǹkan, wọn ò ka ìbẹ̀rù náà sí mọ́ tó bó ṣe yẹ.

Onígbàjámọ̀ wa ńkọ́? Kó pa klípà, kó gbé e fún bọ̀dá kó fọwọ́ kàn án. “Bọ̀dá, mo fẹ́ tàn án o. Ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn?” Kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Bó bá ní òun ò fẹ́, ó di ọjọ́ mìíràn, tàbí kí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé e. Ọmọ ogún ọdún tó ń pe ẹni ogójì ní “ìwọ” nítorí pé ọpọlọ rẹ̀ ò yá, ìwọ̀sí ni, ó sì ń gbọ́ ọ.

Kí ẹbí náà kọ ohun tó ń dẹ́rù bà á àti ohun tó ń tù ú nínú sínú ìwé pélébé kan. Bó bá di pé wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn lóru, òun ni kí wọ́n kọ́kọ́ fún nọ́ọ̀sì, ṣáájú káàdì.