Kí ló dé tí wọ́n fi ń dá ẹjọ́ àwo orin kí ilẹ̀ Jímọ̀ tó mọ́?

Jímọ̀ tó kọjá, ojú ọmọ iṣẹ́ mi ti wú kó tó dé ṣọ́ọ̀bù wa ní Kútọ̀, l'Ábẹ́òkúta. Ó ní òun dúró de àwo tuntun kan di agogo méjìlá òru. Kó tó gbálẹ̀ tán, òun àti ọmọkùnrin tó ń ta páwà báǹkì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ti gbé e kalẹ̀. Ọ̀kan ní irú àwo bẹ́ẹ̀ ò tíì jáde rí. Èkejì ní pàǹtírí ni, ó sì na fóònù rẹ̀ síta pé ẹ wò ó, ẹnì kan lórí YouTube ti fún un ní márùn-ún nínú mẹ́wàá. Bàbá kan wà níbẹ̀ tó wá pààrọ̀ gíláàsì fóònù. Ó wò wọ́n títí, ó ní, "Ṣé ẹ ti gbọ́ orin ọ̀hún tán ni?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Àmọ́ láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè ti ń wọlé lórí tábìlì mi, torí wọ́n mọ̀ pé kí n tó máa tún fóònù ṣe, orin ni mo ń tà: kásẹ́ẹ̀tì, lẹ́yìn náà sídì, lẹ́yìn náà mẹ́mọ́rì káàdì. Àwọn tó dùn mọ́ mi nínú rẹ̀ nìyí.

Ìbéèrè: Ọ̀gá, kí ló dé tó jẹ́ òru Jímọ̀ ni wọ́n ń gbé àwo jáde?

Ìdáhùn: Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ní ọjọ́ tirẹ̀: ọjọ́ Ajé ní Ìlú Ọba, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ Jímọ̀ ní Jámánì. Nígbà tí íntánẹ́ẹ̀tì dé, ìyẹn di wàhálà. Àwo tó bọ́ sí ìgboro Lọ́ńdọ̀nù lọ́jọ́ Ajé, àwọn tó ń jí orin kó ti gbé e dé New York kí ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó pé. Ni IFPI, ẹgbẹ́ àwọn ilé iṣẹ́ àwo orin lágbàáyé, bá ní kí gbogbo ayé máa gbé e jáde lọ́jọ́ kan náà. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Keje ọdún 2015 ló bẹ̀rẹ̀, Jímọ̀ sì ni.

Ti òru yẹn, ibi tí ọjọ́ tuntun ti ń bẹ̀rẹ̀ náà ni. Àmọ́ nílẹ̀ tiwa ńbí, ó tún wá ṣe kòńgẹ́ dátà òru. Ká ní dátà òru wọ́n bíi ti ọ̀sán ni, ìwọ ọmọ yìí ì bá ti sùn.

Ìbéèrè: Báwo lèèyàn ṣe lè mọ̀ pé àwo dára tàbí kò dára ní agogo méjìlá kọjá ogún ìṣẹ́jú?

Ìdáhùn: Kò lè mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Kí àwo ní orin 16, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ìṣẹ́jú 48 nìyẹn. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lọ́gànjọ́ gan-an tí kò fo ẹyọ kan, tí nẹ́tíwọ̀kì kò sì já mọ́ ọn lọ́wọ́, orin keje ló wà nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kọ ọ́ sórí ayélujára pé àwo ọ̀rúndún ni.

Olórin ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́, kì í ṣe orin. Ẹjọ́ náà ti wà lápò wọn láti ọjọ́rú. Ọmọ ẹ̀yìn Lágbájá gbọ́dọ̀ yìn ín. Ọmọ ẹ̀yìn Tàmẹ̀dò gbọ́dọ̀ bú u, torí tí ó bá gbà pé ó dára, àfi bíi pé ó ta ilé baba rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ etí tún wà níbẹ̀, èyí sì ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ní 1968, ọ̀mọ̀ràn kan ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Robert Zajonc fi hàn pé bí èèyàn bá ṣe ń pàdé nǹkan kan léraléra, bẹ́ẹ̀ ni nǹkan ọ̀hún á máa wù ú sí i, àní bí kò bá mọ ohunkóhun nípa rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Orin tí kò sáré dì mọ́ èèyàn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lè wá wọlé sí i lára lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ẹ rántí Made in Lagos tí Wizkid gbé jáde lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹwàá 2020. Lọ́jọ́ náà gan-an, ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà ló ń kígbe lórí ayélujára pé ó ti fà jù, pé ó ń múni sùn. Kí ọdún kan tó yí po, ọ̀kan nínú orin rẹ̀, èyí tí òun àti Tems jọ kọ, ti wọ inú mẹ́wàá àkọ́kọ́ lórí Billboard Hot 100, àtẹ orin tó ń lọ jù ní Amẹ́ríkà. Lóòótọ́, wọ́n ti fi ohùn Justin Bieber kún ẹ̀dà tuntun kan kó tó débẹ̀, àmọ́ orin àkọ́kọ́ ṣì wà bó ṣe wà. Etí àwọn èèyàn ló yí padà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra àdìrẹ ní Ìtòkú, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ. Lọ́jà, gbogbo aró ló dúdú, gbogbo ẹ̀ ló ń dán. Ìgbà tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lẹ ó tó mọ èyí tó rọra ń dára sí i àti èyí tó ti da aró ẹ̀ sínú omi tán.

Ìbéèrè (Bàbá onígíláàsì ló bi èyí): Láyé tiwa, a ò ní YouTube. Ta wá ló ń sọ fún wa nígbà náà?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ̀yin gan-an lẹ ń sọ fún ara yín. Àwo ńlá tó ń yí lẹ́ẹ̀mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ní ìṣẹ́jú kan, èyí tí ilé iṣẹ́ Columbia kọ́kọ́ gbé jáde ní 1948, máa ń gba nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lójú kan. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn olórin wa ò pín ogún ìṣẹ́jú yẹn sí wẹ́wẹ́. Àpàlà, sákárà, fújì, jùjú, ńṣe ni wọ́n máa ń fi orin wọ orin láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí ìlù má dáwọ́ dúró. Ẹ ò lè fò ó kiri bí àwọn ọmọ yìí ṣe ń ṣe. Ẹ lè gbé abẹ́rẹ́ sókè lóòótọ́, àmọ́ ta ló fẹ́ kí àwo òun há?

Ibi àríyá sì ni kóòtù wà. Tí ẹni tó ń lu àwo bá gbé tuntun sí i, tí àwọn obìnrin sì jókòó, ẹjọ́ ti parí nìyẹn.

Àmọ́ ẹ má jẹ́ ká purọ́ fáwọn ọmọ yìí pé ìjà ọmọ ẹ̀yìn kò sí nígbà náà. Ayinla Omowura, ọmọ Ìtokò níbí, máa ń fi ẹnu orin na àwọn olórin ẹgbẹ́ rẹ̀ nínú àwo tí wọ́n tà fún gbogbo ayé, títí ó fi kú ní 1980. Lẹ́yìn rẹ̀, Barrister àti Kollington tún bá ara wọn fà á nídìí fújì, wọ́n sì pín àwọn olólùfẹ́ fújì sí méjì. Nínú ilé kan náà, ẹ̀gbọ́n lè wà lẹ́yìn Barrister kí àbúrò wà lẹ́yìn Kollington. Ohun tó yàtọ̀ ni pé ẹni tó ń jà láyé ìgbà yẹn ti fi owó ra àwo, ó ti gbọ́ ọ délẹ̀, ó sì mọ gbólóhùn tó ń bí i nínú. Tòní, ẹni tí kò tíì tẹ̀ ẹ́ rárá ló ń bínú jù.

(Bàbá ní òun ṣì ní àwo Yusuf Olatunji méjì nílé. Abẹ́rẹ́ ni kò sí mọ́. Mo ní kí wọ́n gbé e wá, mi ò ṣèlérí.)

Ìbéèrè: Ta ló fún òyìnbó láṣẹ láti máa fún orin wa ní máàkì?

Ìdáhùn: Kò sẹ́ni tó fún un. Ẹni tó bá ní etí àti ẹnu lè di lámèyítọ́. Pitchfork, ìkànnì ayélujára tí orúkọ rẹ̀ lókìkí jù nínú iṣẹ́ náà, ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Ryan Schreiber ló dá a sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1996. Òǹkà tiwọn bẹ̀rẹ̀ láti 0.0 dé 10.0. Anthony Fantano sì wà, tó ń dá jókòó níwájú kámẹ́rà lórí YouTube láti 2009, tí òun náà ń fi máàkì sórí mẹ́wàá. Metacritic, ìkànnì mìíràn, ní tirẹ̀ kì í gbọ́ nǹkan kan; ó kàn ń kó máàkì àwọn ẹlòmíràn jọ, ó ń sọ gbogbo rẹ̀ di ẹyọ kan lórí ọgọ́rùn-ún. Iṣẹ́ náà kò sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó bẹ́ ẹ ṣe rò. Ní oṣù Kìíní 2024, ilé iṣẹ́ tó ni Pitchfork dà á pọ̀ mọ́ ìwé ìròyìn mìíràn, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ibẹ̀ sì pàdánù iṣẹ́.

Ẹ bi ara yín, kí ni ìyàtọ̀ láàárín 7.3 àti 7.4? Kò sí òṣùwọ̀n kankan níbì kan tó lè wọ̀n ọ́n. Èèyàn kan ló jókòó, ó gbọ́ orin, ó wá nọ́ńbà tó bá inú rẹ̀ mu. Ohun tó kọ sábẹ́ nọ́ńbà yẹn ló yẹ ká kà, òun gan-an làwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù mi kì í kà.

Èdè tún wà níbẹ̀. Ohùn ni Yorùbá fi ń sọ̀rọ̀. Igbá kì í ṣe igba, ìgbà kì í ṣe igbà. Olórin tó bá gbé ohùn sókè níbi tó yẹ kó wálẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn ló sọ. Ẹni tó bá fi orin bá ohùn mu láìsí pé orin náà gan, iṣẹ́ ọwọ́ tó ga ló ṣe, ìdajì iṣẹ́ náà ni kò ní hàn sí ẹni tí kò gbọ́ èdè. Gángan inú orin pàápàá ń sọ tirẹ̀. Ó lè máa ki ẹnì kan, ó sì lè máa bú ẹlòmíràn. Lámèyítọ́ tó wà ní Chicago á gbọ́ ìlù dídùn, kò ní gbọ́ èébú.

Ṣùgbọ́n kí a má gbé ara wa gẹṣin. Etí tó gbọ́ èdè máa ń tètè dárí jì. Kí olórin ṣáà ki Ẹ̀gbá ọmọ Lísàbí lẹ́ẹ̀kan péré, a ti gbàgbé pé orin mẹ́jọ tó kù kò lórí, kò nídìí. Òyìnbó tí kò mọ oríkì ló máa ṣàkíyèsí pé bíìtì kan náà ni wọ́n fi ṣe orin kẹrin dé ìkẹjọ. Mo ti rí i níbi tí ọ̀kan nínú wọn ti sọ bẹ́ẹ̀ nípa àwo tí mo fẹ́ràn gan-an. Mo bínú. Mo tún un gbọ́. Òótọ́ ló sọ.

Ìbéèrè: Àbí wọ́n ń sanwó fún wọn ni?

Ìdáhùn: Àwọn kan ń gbà á. Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀: ẹni tó gbọ́ orin á tọ́ka sí ibì kan. Á ní nínú orin karùn-ún, níbi tí ìlù ti dákẹ́ tí obìnrin náà wọlé. Ẹni tí wọ́n sanwó fún á ní àwo náà "kúnjú ìwọ̀n", á wá lẹ àwòrán olórin mọ́ ọn.

Ìbéèrè (akẹ́kọ̀ọ́ kan láti Alábàtà ló bi èyí): Tí orin bá ti lé ní mílíọ̀nù kan lórí ayélujára, ṣé ẹjọ́ ò tíì parí ni?

Ìdáhùn: Kí lẹ rò pé wọ́n ń kà? Lórí Spotify, ìkànnì tí wọ́n ti ń gbọ́ orin, tó wọ Nàìjíríà ní oṣù Kejì 2021, orin gbọ́dọ̀ lo ìṣẹ́jú àáyá 30 kó tó di ẹyọ kan. Ẹni tó gbọ́ àáyá 31 tó wá pa á pẹ̀lú èébú, àti ẹni tó gbọ́ ọ délẹ̀ tó sunkún, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú ẹ̀rọ.

Ní Amẹ́ríkà, láti 2016, RIAA, àwọn tó ń fún àwo ní àmì ẹ̀yẹ góòlù àti plátínọ́ọ̀mù, gbà pé tí wọ́n bá gbọ́ orin inú àwo kan nígbà 1,500 lórí ayélujára, ó dà bíi pé àwo kan ṣoṣo tà. Bí àwo bá ní orin 15, ẹnì kan gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ láti òkè délẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá kó tó pé. Ẹ wá rí ìdí tí àwo kan fi ń ní orin 20: bí orin bá ṣe pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ni ẹnì kan ṣe lè mú iye lọ sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ sì tún rí ìdí tí ọmọ iṣẹ́ mi fi ń sùn nígbà tí fóònù rẹ̀ ń kọrin lábẹ́ ìrọ̀rí pẹ̀lú ohùn tó ti pa. Ó ní òun ń ran olórin òun lọ́wọ́.

Èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín ni tiwa níbí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, èmi ni mo ń kó orin sínú mẹ́mọ́rì káàdì fún àwọn onímọ́tò Kútọ̀. Orin kan á máa ké nínú Micra láti ibí dé Láfẹ́nwá, láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, èrò mẹ́rin á bọ́ọ́lẹ̀, mẹ́rin á wọlé, gbogbo wọn á gbọ́ ọ. Kò sí ìkankan nínú rẹ̀ tó dé etí Spotify. Orin tí gbogbo Abẹ́òkúta mọ̀ lórí lè jẹ́ òfo lórí àtẹ wọn. Olórin náà kò sì rí kọ́bọ̀, ìyẹn ni mo fi jáwọ́ níbẹ̀. Òfin tuntun lórí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́ ọpọlọ, tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2023, dẹ́rù bà mí díẹ̀, ṣùgbọ́n ojú ti ń tì mí ṣáájú ìgbà yẹn.

Ìbéèrè: Ẹ̀yin ńkọ́, Ọ̀gá, báwo lẹ ṣe ń gbọ́ tiyín?

Ìdáhùn: Ẹ̀ẹ̀kan pẹ̀lú gbohùn-gbohùn etí, nílé, kí n má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù, kí jẹnẹrétọ̀ máa bá a du ohùn. Orin tí jẹnẹrétọ̀ bá bò mọ́lẹ̀, kò ní lágbára níbi àríyá. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa ń fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan. Tí mo bá ń tú fóònù tí mo ṣàdédé bá ara mi níbi tí mo ti ń kọ ọ́ lábẹ́ ẹnu, mo padà sí i nìyẹn.

Àwo tí ẹ̀yin méjèèjì ń tìtorí ẹ̀ jà yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tíì gbọ́ ọ. Orin kẹta dùn. Ìyókù, ẹ bi mí lẹ́yìn Iléyá.