Kọ́kọ́rọ́ Kọ̀ǹpútà Kì Í Gbé Ọwọ́ Ẹnìkan: Bí Iléeṣẹ́ Ṣe Ń Ṣàkóso Ìmọ̀ Ẹ̀rọ

Ká mú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan l'Abẹ́òkúta, ní àgbègbè Ìtòkú, irú èyí tí àwọn aládìrẹ máa ń dá owó sí. Láyé léjà, ìwé ìṣirò owó tí wọ́n ń fọwọ́ kọ, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló mọ ibi tí àṣẹ wà. Akápò gba owó, akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, alága fọwọ́ sí i, ọ̀dítọ̀ á sì gbé bírò pupa jókòó lópin ọdún, á máa fa ìlà sábẹ́ ohun tí kò bá yé e. Ẹni tó bá fẹ́ yí iye kan padà ní láti fa ìlà gba orí ti tẹ́lẹ̀. Ìlà yẹn ò ṣe é fi pamọ́.

Wọ́n wá ra software, ètò kọ̀ǹpútà tó máa rọ́pò léjà náà. Ọmọkùnrin kan tó gbọ́ kọ̀ǹpútà dáadáa ló bá wọn tò ó. Òun ló ń tẹ orúkọ ọmọ ẹgbẹ́ tuntun wọlé, òun ló ń tún un ṣe bí wọ́n bá ṣi owó kọ, ọwọ́ rẹ̀ ni password tó lè ṣí gbogbo rẹ̀ wà, òun náà ló sì ń tẹ ìṣirò tí ọ̀dítọ̀ fẹ́ yẹ̀ wò jáde. Ìpàdé kankan ò jókòó pé kó gba gbogbo iṣẹ́ yìí. Wọ́n kàn ń pè é ni: "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá wa wò ó." Kó tó tó oṣù mẹ́fà, iṣẹ́ akápò, ti akọ̀wé àti ìdajì ti ọ̀dítọ̀ ti kó sọ́wọ́ ẹnìkan, léjà tuntun náà ò sì fi ìlà pupa han ẹnikẹ́ni.

Ọmọ náà lè jẹ́ olóòótọ́ paraku. Ṣùgbọ́n bó bá jalè, wọn ò ní mọ̀. Bí kò bá sì jalè, tí owó kan dàwátì, kò ní ohun tó máa fi wẹ ara rẹ̀ mọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn.

Ohun tí wọ́n ń pè ní IT governance, ká pè é ní ìṣàkóso ìmọ̀ ẹ̀rọ, dá lé ìbéèrè mẹ́ta. Ta ló ní àṣẹ láti pinnu? Ta ló ń ṣe ohun tí wọ́n pinnu? Ta ló ń padà lọ wò ó bóyá ó rí bí wọ́n ṣe ní kó rí? Ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà ló ni ìbéèrè kejì. Bó bá ti ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìṣàkóso ti tán níbẹ̀, bó ti wù kí ẹ̀rọ náà dára tó.

Kò yẹ kí èyí ṣàjèjì sí ọmọ Ẹ̀gbá. Nílùú yìí ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Olórógun ló ń jagun, Pàràkòyí ló ń mójú tó òwò, Ògbóni ló ń gbọ́ ẹjọ́ tó sì ń ṣòfin. Ohun tó dùn mọ́ni jù nínú ìtàn náà ni pé ètò yìí kì í fìgbà gbogbo dúró. Nígbà tí ogun ò dáwọ́ dúró, ohùn àwọn tó ń jagun borí ohùn àwọn tó yẹ kó bi wọ́n léèrè. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí níléeṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà bá ti gbé gbogbo iṣẹ́ ka orí: àwọn tó mọ̀ ọ́n lò á di ẹni tí kò sí agbàlagbà tó lè bi ní nǹkan, torí ojú ń ti àwọn àgbà láti sọ pé ọ̀rọ̀ náà ò yé àwọn.

Ìwé ìlànà pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Àwọn ará Ọsirélíà gbé ọ̀kan jáde ní 2005, ISO àti IEC, àwọn àjọ àgbáyé tó ń gbé ìlànà jáde, gbà á wọlé ní 2008, wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà 38500. Iṣẹ́ mẹ́ta ló yàn fún ìgbìmọ̀ olùdarí: kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò, kí wọ́n la ọ̀nà tí iṣẹ́ máa gbà, kí wọ́n sì máa ṣọ́ ọ. Ìwé ìlànà COBIT ni èkejì, ti ẹgbẹ́ ISACA. Àwọn ọ̀dítọ̀ tó ń yẹ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà wò ló dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní 1969, COBIT àkọ́kọ́ sì jáde ní 1996. Èyí tí wọ́n ń pè ní COBIT 2019 to àfojúsùn 40 sílẹ̀. 35 nínú rẹ̀ jẹ́ ti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ lójoojúmọ́, 5 péré ni ti ìgbìmọ̀. Márùn-ún yẹn kéré lójú, ṣùgbọ́n kò ṣe é gbé lé ọmọṣẹ́ lọ́wọ́.

Báwo ló ṣe ń rí lójú iṣẹ́? Ká ní wọ́n fẹ́ kó dátà ẹgbẹ́ wa kúrò lórí kọ̀ǹpútà inú ọ́fíìsì lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbìmọ̀ ò nílò láti mọ bí server, kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú dátà náà, ṣe ń ṣiṣẹ́. Ohun tí wọ́n máa béèrè ni èyí tí ẹni tó ń tajà ní Ìtòkú lè béèrè: èló ni lọ́dún, kì í ṣe lóṣù àkọ́kọ́ nìkan? Bí iná bá lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, ṣé a lè san owó fún ẹni tó fẹ́ gbowó? Bí iléeṣẹ́ tó ta á fún wa bá kógbá sílé, báwo la ṣe fẹ́ gba dátà wa padà? Èsì ìbéèrè yìí ni wọ́n á fi pinnu, ìpinnu náà á sì wọ inú ìwé ìpàdé pẹ̀lú orúkọ ẹni tó máa ṣe é àti iye tí kò gbọdọ̀ kọjá.

Lẹ́yìn ìyẹn ló kan ibi tí mo rò pé ó ṣe pàtàkì jù, tí ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ sì ń fojú fò: bí wọ́n ṣe ń yí nǹkan padà nínú ẹ̀rọ. Ẹni tó fẹ́ àyípadà á kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹlòmíràn á fọwọ́ sí i. Ẹnì kẹta á ṣe é. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á kọ orúkọ, ọjọ́ àti aago sílẹ̀, ẹni tó ṣe é kò sì gbọdọ̀ ní agbára láti pa àkọsílẹ̀ yẹn rẹ́. Àkọsílẹ̀ yìí ni ìlà pupa ayé òde òní. Nínú ẹgbẹ́ kékeré, kò sí ènìyàn mẹ́ta tó gbọ́ kọ̀ǹpútà; kò burú, ẹni tó ń fọwọ́ sí i ò nílò láti gbọ́ ọ. Kí akápò ṣáà rí i kí ó tó ṣẹlẹ̀, kí akọ̀wé sì ka àkọsílẹ̀ náà lópin oṣù. Password àgbà ńkọ́? Kí wọ́n kọ ọ́ sínú àpòòwé, kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa, kí alága àti akápò fọwọ́ sí ẹnu rẹ̀, kó wà nínú àpótí irin. Lọ́jọ́ tí òṣìṣẹ́ bá sì kúrò, kí ọ̀nà àbáwọlé rẹ̀ kú lọ́jọ́ náà gan-an, kó má di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àwọn ńláńlá náà ń ṣubú. Ní oṣù kẹrin 2018, báńkì TSB nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó dátà àwọn oníbàárà tó ju mílíọ̀nù 5 lọ sórí ẹ̀rọ tuntun. Àwọn bíi mílíọ̀nù 1.9 ò rí owó wọn wọlé. Nígbà tí wọ́n wádìí rẹ̀, wọ́n rí i pé ibi ìkó-dátà méjì ni ẹ̀rọ náà ń lò, ọ̀kan péré ni wọ́n ti dán wò bóyá ó lè gbé ẹrù, wọ́n kàn gbà pé èkejì á rí bákan náà. Ìgbìmọ̀ olùdarí gbọ́ pé gbogbo nǹkan ti pé, wọn ò sì walẹ̀ jìn tó nínú ìbéèrè wọn. Ní 2022, àwọn aláṣẹ bu owó ìtanràn £48.65 mílíọ̀nù fún báńkì náà. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n bu £81,620 fún ẹni tó jẹ́ ọ̀gá ìmọ̀ ẹ̀rọ níbẹ̀ nígbà náà, torí kò mójú tó iléeṣẹ́ tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún bó ṣe yẹ. Èèyàn lè gbé iṣẹ́ fún alágbàṣe, ṣùgbọ́n ẹ̀bi ò ní bá a lọ.

Òfin Nàìjíríà náà ti ń sún mọ́ ilé. Báńkì Àpapọ̀ gbé ìlànà ààbò orí kọ̀ǹpútà jáde fún àwọn báńkì àtàwọn tó ń fi owó ránṣẹ́ ní 2018, ó sì ní kí wọ́n yan ọ̀gá kan tí ààbò yìí jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ní láti gba àṣẹ NITDA, àjọ ìjọba tó ń rí sí ìdàgbàsókè ìmọ̀ ẹ̀rọ, kí wọ́n tó náwó sórí iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lè rò pé èyí ò kan òun, ṣùgbọ́n òfin ààbò dátà 2023 kàn án, torí orúkọ, fọ́tò, nọ́ńbà fóònù àti orúkọ onídùúró àwọn ènìyàn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí dátà bá jò lọ́nà tó lè pa ẹnikẹ́ni lára, wákàtí 72 ni òfin fún ẹni tó ni ín lọ́wọ́ láti fi tó NDPC, àjọ ìjọba tó ń rí sí ààbò dátà, létí, láti ìgbà tó bá ti mọ̀. Ẹgbẹ́ tí kò mọ ẹni tó ń wọlé sínú ẹ̀rọ rẹ̀ ò lè mọ̀ pé wákàtí yẹn ti ń kà.

Nínú gbogbo ohun tí ìgbìmọ̀ lè ṣe láti ṣọ́ iṣẹ́, ọ̀kan wà tí kò ná wọn ní kọ́bọ̀. Gbogbo onímọ̀ kọ̀ǹpútà ló máa sọ pé òun ń ṣe backup, ìyẹn ẹ̀dà dátà tí wọ́n ń fi pamọ́ síbòmíràn. Kí wọ́n ní kó dá a padà lójú wọn, lórí kọ̀ǹpútà mìíràn. Lọ́jọ́ ìpàdé, kí alága mú káàdì tirẹ̀, èyí tí wọ́n ń kọ owó tó dá sí, jáde láti inú báàgì, kó sọ pé kí wọ́n ṣí iye tí òun ní lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá. Wọ́n á dúró. Ó lè gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó lè gba wákàtí kan. Kí akọ̀wé kọ iye àkókò tó gbà sílẹ̀, torí iye àkókò tí wọ́n máa fi dúró nìyẹn lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́ lóòótọ́. Nígbà tó bá ṣí, kí wọ́n gbé káàdì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú kọ̀ǹpútà, kí wọ́n kà á ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà kí wọ́n tún mú káàdì ọmọ ẹgbẹ́ méjì mìíràn tí ọmọ kọ̀ǹpútà ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọ́n máa mú.