Kíndìnrín ló ń ṣàìsàn, kí ló dé tí fáàfù ọkàn fi ń le?

Ìyá kan tó ń ta ẹ̀wà ní Ìsìnkàn, l'Ákùúrẹ́, ti ń fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ láti nǹkan bí ọdún méjì, torí kíndìnrín rẹ̀ tó ti kọṣẹ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni dókítà ní fáàfù ọkàn rẹ̀ ti ń le. Ni àdúgbò bá dà rú. Ẹnì kan tilẹ̀ ní èsì àyẹ̀wò ẹlòmíì ni wọ́n fún un. Ìbéèrè tí wọ́n dà bò mí nìyí.

Kí ni fáàfù ọkàn?

Ìlẹ̀kùn ni. Mẹ́rin ni wọ́n. Wọ́n ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ kọjá, wọn kì í jẹ́ kó padà sẹ́yìn.

Kí ló wá kàn án pẹ̀lú kíndìnrín?

Ẹ wo ìdí kẹ́tù tí wọ́n ti fi se omi kànga fún ọdún mẹ́ta: nǹkan funfun kan á ti lẹ̀ mọ́ ọn, ṣíbí ò lè ha á kúrò. Fáàfù náà a máa rí bẹ́ẹ̀. Èròjà kan tó ń jẹ́ fọ́sífétì wà nínú oúnjẹ wa. Kíndìnrín tó dá ṣáká a máa tọ èyí tó bá pọ̀jù dànù. Tó bá ti kọṣẹ́, fọ́sífétì á kún inú ẹ̀jẹ̀, ara á máa fa kálísíọ́mù, èròjà tó ń mú egungun le, jáde látinú egungun, àwọn méjèèjì á sì jọ lọ lẹ̀ mọ́ ibi tí kò yẹ wọ́n. Àmọ́ àkàwé kẹ́tù ò pé o. Kẹ́tù kì í bá wọn dá sí i, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì fáàfù fúnra wọn a máa bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bíi ti egungun. Awọ fẹ́lẹ́ á wá le bí èèpo ẹyin, ọkàn á sì máa fi gbogbo agbára ti ìlẹ̀kùn tó ti há.

Ṣé ẹ̀jẹ̀ tó ń fọ̀ ló fà á?

Rárá, ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má torí èyí sá fún ẹ̀rọ. Ohun tí kíndìnrín ń kó tọ̀sán-tòru ni ẹ̀rọ ò lè kó tán, kódà fún ẹni tó ń lọ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀. Ẹni tí owó ò jẹ́ kó lọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ńkọ́?

Ṣé kì í ṣe àwọn ayé?

Fọ́sífétì ni.

Báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀?

Ibí ló ti le. Kéèmí máa gbéni, kẹ́sẹ̀ máa wú: ẹni tí kíndìnrín ń bá jà á ní omi ara lásán ni. Tóòyì bá ń kọ́ni, téèyàn bá dákú, tàbí táyà ń dunni bó ṣe ń rìn, kó sọ fún dókítà. Àwòrán ọkàn tí wọ́n ń pè ní ẹ̀kò (kì í ṣe ẹ̀kọ) ló máa fi hàn.

Kí ló yẹ ká bẹ̀rù?

Ibà pẹ̀lú òtútù, lára ẹni tí rọ́bà ìfọ̀jẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀. Kó má lo oògùn ibà kó lọ sùn. Kòkòrò lè gba ojú rọ́bà yẹn dé fáàfù.

Ṣé oògùn wà?

Kò sí èyí tó ń yọ́ fáàfù tó ti le. Tó bá le jù, pípààrọ̀ ni. Oògùn tó ń di fọ́sífétì mú wà, ṣùgbọ́n ìdí oúnjẹ ni wọ́n ti ń lò ó. Ẹ dín ẹlẹ́rìndòdò dúdú kù. Ẹ má sì torí pé egungun ń ro yín lọ fúnra yín ra kálísíọ́mù l'Ọ́jà Ọba.

Ìyá Ìsìnkàn bi mí bóyá kóun fi ẹ̀wà sílẹ̀. Títà rẹ̀ kọ́, màmá. Ti jíjẹ, ẹni tó ń wo èsì ẹ̀jẹ̀ yín ni kẹ́ ẹ bi.